Igi Tìróò Ọdún Àpólò

Nígbà tí èmi náà ṣì jẹ́ ọmọ tí wọ́n ń rán níṣẹ́ nínú agboolé, ní Alajo níbí náà, nínú Accra… Ṣé fóònù yẹn ti ń gbọ́ mi? Ó ti ń gbọ́? Ó dáa. Mo fẹ́ kó gbọ́ èyí dáadáa, kí o lè fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ bí o ṣe wí.

Ṣùgbọ́n kí lo kọ ẹ̀yìn sí mi fún, Mojísọ́lá? Láti Dansoman lo ti wọ ọkọ̀ trotro wá kí èmi ìyá tó bí ìyá rẹ, o wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, o kọjú síta bí ẹni tó ń ṣọ́ ewúrẹ́. Gíláàsì dúdú wà lójú rẹ. Mo ní kí o wọlé, o ní, “Màmá, mepa wo kyɛw, ẹ má wò mí, mo ní Àpólò.” O ń fi Twi bẹ̀ mí kí n má wò ọ́. Èmi tí mo wẹ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọ.

Ta ló sọ fún ọ pé wíwò ni wọ́n fi ń kó o? Àwọn ará ọ́fíìsì rẹ? Ní báńkì yẹn, tí gbogbo yín ka ìwé rẹpẹtẹ? Háà. Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ. Ayé ti yí padà, mo gbà, ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tí kò yí kúrò lójú kan. Jókòó síbẹ̀ kí n sọ nǹkan kan fún ọ. Mi ò sọ ọ́ fún ìyá rẹ rí.

Ọdún tí mò ń wí yìí, ọdún yẹn ni òyìnbó gun òṣùpá. Mo tó ọmọ ọdún mọ́kànlá, bóyá méjìlá… ta ló ń ka ọjọ́ orí ọmọbìnrin nígbà náà? Rédíò kan ló wà lójúlé kẹta sí tiwa. Gbogbo àdúgbò pé jọ síbẹ̀ láti gbọ́ pé ènìyàn ti fi ẹsẹ̀ tẹ òṣùpá. Àpólò lorúkọ ọkọ̀ tó gbé wọn lọ. Lásìkò yẹn náà ni àìsàn ojú kan bẹ́ sílẹ̀ ní Accra. Wọ́n sọ òun náà ní Àpólò. Wọ́n ní eruku òṣùpá tí àwọn òyìnbó yẹn rú sókè ló bọ́ sí wa lójú. Má rẹ́rìn-ín. Àwọn tó kàwé wà lára àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ìgbà tí iyanrìn wọ ènìyàn lójú. Tó bá di ọjọ́ kejì, ojú á pọ́n bí epo, ìpéǹpéjú á wú, omi á máa dà. Tí ilẹ̀ bá tún mọ́, ipin á ti lẹ ojú pọ̀ pátápátá, wàá máa táràrà wá omi tí o fi máa là á.

Kò sì sí ẹni tí kò “mọ̀” pé wíwò ni wọ́n fi ń kó o. Bí o bá wo olójú pupa, tí òun náà wò ọ́, o ti gbà á nìyẹn. Ẹ gbọ́, ọjà di nǹkan mìíràn. Obìnrin tó ń ta kẹ́ńkẹ́, ẹ̀kọ àwọn ará ibí, nítòsí wa kọ ẹ̀yìn sí oníbàárà, ó ń na kẹ́ńkẹ́ sẹ́yìn. Oníbàárà kọ ẹ̀yìn sí òun náà, ó ń na owó sẹ́yìn. Kẹ́ńkẹ́ á bọ́ sílẹ̀, àwọn méjèèjì á máa fi ọwọ́ wá a nínú erùpẹ̀, kò sí ẹni tó fẹ́ yíjú. Ọwọ́ tí wọ́n sì fi nu ojú náà ni wọ́n fi ń gba owó. Ìyẹn ò ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù.

Ní ilé tiwa, ìyá tó bí bàbá mi ni olórí. Ìyá àgbà là ń pè é. Mi ò ní parọ́ mọ́ òkú, obìnrin tó mọ́ tónítóní ni. Kò sí ẹni tó lè sùn láìwẹ̀ nílé rẹ̀. Ó ní ìgò tìróò kan tó gbé wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ìgò kékeré tí wọ́n fi awọ bò, igi rẹ̀ ti dán nítorí ọwọ́ tó pọ̀ lára rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, pẹ́ńsù lẹ fi ń ya ojú. Nígbà yẹn, ọmọ tí kò bá lé tìróò, wọ́n á bi í bóyá kò ní ìyá ni. Kì í ṣe torí ẹwà nìkan. Wọ́n ní oògùn ojú ni, pé ó ń mú ojú tutù, pé ó ń lé àìsàn ojú sẹ́yìn.

Ọwọ́ Ìyá àgbà ti ń gbọ̀n. Ọwọ́ tèmi kì í gbọ̀n. Bí mo ṣe di ẹni tó ń lé tìróò fún gbogbo ilé nìyẹn. Láràárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n á tò, láti orí àgbà dé orí ọmọ ọwọ́. Màá fi igi náà kan ahọ́n mi kí lẹ́búlẹ́bú lè mú un, màá tì í bọ ìgò, màá fà á sójú ọ̀tún, màá fà á sójú òsì, ó di ẹlòmíràn. Igi kan, ìgò kan, ènìyàn mẹ́rìnlá. Inú mi sì máa ń dùn. Iṣẹ́ wo tún ni wọ́n ń fún ọmọdé tí àgbàlagbà fi máa gbójú sókè fún un, tí kò ní mira?

Àbúrò bàbá mi kan wà, Lásísì. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìyàwó dé láti ilé, kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Àṣàkẹ́ lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ọ̀fà. Ẹ mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, bí ọmọ náà kéré bí ata. Gbogbo ilé ń kígbe Ràfá, Ràfá lé mi lórí. Àṣàkẹ́ ń pè mí ní Ẹyinjú-ẹgẹ́. Tí mo bá gbọ́ ọ báyìí, ohun tó bá wà lọ́wọ́ mi, màá jù ú sílẹ̀.

Òun ni Àpólò kọ́kọ́ mú nílé wa. Ọjà tó ti ń ta ọṣẹ ló ti kó o.

Ìyá àgbà pe gbogbo wa. Ó ní, “Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wo ojú ìyàwó yìí.” Ó di òfin. Àṣàkẹ́ ń jẹun, ó kọjú sí ògiri. Tó bá fẹ́ la àgbàlá kọjá, á kọ́kọ́ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀, á ní, “Ẹ dijú o, mò ń kọjá.” A ó dijú. A ó máa gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ títí a ó fi gbọ́ ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀. Lásísì ọkọ rẹ̀ kó ẹní rẹ̀ lọ sí yàrá bàbá mi. Ó ń gba ẹ̀yìn fèrèsé bi í pé ṣé ó jí dáadáa.

Èmi nìkan ni wọ́n ń rán wọlé. Ìyá àgbà ní, “Ràfá, máa lé tìróò fún un láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bí o bá ti ṣe tirẹ̀ tán, wá ṣe tiwa, kí Àpólò má baà rí àyè wọlé. Tìróò ni ilẹ̀kùn ojú.”

Ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe tò ó? Ti aláìsàn kọ́kọ́, lẹ́yìn náà ti ẹni tí ara rẹ̀ le. Nítorí pé aláìsàn ló nílò oògùn jù. Ó fi àánú tò ó bẹ́ẹ̀. Igi kan náà, ọmọ mi.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, mi ò tètè wọlé. Àṣàkẹ́ rí i. Ó ní, “Ẹyinjú-ẹgẹ́, bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́, di ojú tìrẹ.” Ṣùgbọ́n ta ló lè dijú lé tìróò fún ènìyàn? Igi á gún un lẹ́yinjú. Mo fi ọwọ́ òsì gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, mo wò ó. Mo wò ó dáadáa. Ojú náà pupa, omi rẹ̀ ń kán sí mi lọ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Mo fi etí aṣọ mi nu omi náà fún un. Mo jáde, mo kan igi mọ́ ahọ́n, mo pe ẹni tó kàn.

Kò pé ọjọ́ mẹ́rin, ojú ìyá mi pọ́n. Lẹ́yìn ìyá mi, bàbá mi. Àwọn ọmọ. Èmi náà. Ìyá àgbà ló kẹ́yìn. Ó jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń bi wá ìdí tí ilẹ̀ kò fi tíì mọ́, oòrùn sì ti gun orí òrùlé. Bí a ṣe ń pọ̀ sí i lójú pípọ́n ló ń ní kí n tún tìróò lé, kí n jẹ́ kó nípọn. Mo ń lé e. Láàárọ̀, nírọ̀lẹ́.

Ọkùnrin kan wà tó háyà yàrá lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà wa, bíríkìlà ni, ará òkè Ghana lọ́hùn-ún, ẹ̀yà Dàgọ́ńbà. Kì í ṣe ará wa, kì í bá wa tò sí ìdí tìróò. Korobá tirẹ̀ lọ́tọ̀, aṣọ ìnujú tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọkùnrin yìí kì í dijú fún Àṣàkẹ́. Tó bá ń kọjá, á wò ó tààrà, á fi Hausa kí i, “Sannu, amarya,” bí wọ́n ṣe ń kí ìyàwó tuntun. Àpólò kò mú un. Gbogbo wa jókòó lágbàlá, à ń ṣẹ́jú, à ń nu ojú, òun ru irinṣẹ́ rẹ̀, ó ń lọ síbi iṣẹ́ pẹ̀lú ojú tó mọ́ kedere.

Mo rí i. Ọmọdé máa ń rí nǹkan. Mo lọ bá ìyá mi, mo ní, “Ìyá mi, ẹni tí mi ò lé tìróò fún nìkan lojú rẹ̀ ò pọ́n.” Ìyá mi fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu. Ó ní, “Ṣé kí n lọ sọ fún ìyá ọkọ mi pé ìgò rẹ̀ ló ń pín àìsàn? Pa ẹnu rẹ mọ́.” Mo pa á mọ́.

Àwọn kan kán omi ṣúgà sójú. Àwọn kan fún ọmú sí i. Ọjọ́ ló wò ó. Kó tó ọjọ́ mẹ́wàá, ojú kálukú ti mọ́, a tún ń rí ara wa. Mo rò pé ó tán. Kò tán. Ìyá àgbà jókòó sórí àga rẹ̀, ó ní, “Ojú ọmọ yìí kò dáa. Kó tó dé ilé yìí, ta lojú ń dùn? Kó máa lọ sílé bàbá rẹ̀.” Lásísì wolẹ̀. Ó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti sọ̀rọ̀. Nígbà yẹn, tí ìyá bá ti sọ̀rọ̀, ó parí.

Àárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, ojú Àṣàkẹ́ mọ́ ju ti ẹnikẹ́ni nínú wa lọ. Síbẹ̀ gbogbo ilé gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó dúró láàárín àgbàlá pẹ̀lú àpótí rẹ̀. Ó ní, “Ẹyinjú-ẹgẹ́ dà?” Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo wà, ìgò tìróò wà lọ́wọ́ mi. Ó tún pè, “Ẹyinjú-ẹgẹ́.” Mi ò jáde. Kí ló dé tí mi ò jáde? Mo ti ń bi ara mi láti ọjọ́ náà. Mo mọ ohun tí mo mọ̀, ojú sì ń tì mí. Mo rò pé tí mo bá wò ó, á rí i lójú mi. Mo dúró síbẹ̀ títí mo fi gbọ́ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ọkọ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tó tẹ̀ lé e. Ọdún yẹn kò tíì parí tí ìjọba fi ní kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé máa lọ. Àwa Alata, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí. Ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n fún wa. A bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Àwọn kan ládùúgbò sunkún, wọ́n bá wa gbé ẹrù sí ọkọ̀. Àwọn kan tí a jọ ń pọn omi lẹ́nu ẹ̀rọ kan náà gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí a bá ń kọjá. Ìyá àgbà jókòó sórí ẹrù nínú ọkọ̀. Nígbà tó yá ó ní, “Wọn ò tiẹ̀ wò wá.” Mo rò pé orúkọ kan náà ló wà lọ́kàn gbogbo wa.

Ọdún ń gorí ọdún. Mo lọ́kọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo bí ìyá rẹ. Kò tíì pé oṣù méjì nígbà tí ipin bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú rẹ̀. Mo gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń wọn ọmọ, mo sì mú tìróò lọ́wọ́. Ìgò Ìyá àgbà náà ni, mo jogún rẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì ṣe rí i tí mo fa igi yọ, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, “Ìyá ọmọ, ojú mélòó ni igi yìí ti wọ̀?”

Mo ní mi ò lè kà á.

Ó mú mi jókòó, kò jágbe mọ́ mi. Ó ní kòkòrò kan wà tí ojú lásán ò lè rí, inú omi ojú àti inú ipin ló ń gbé. Ó ní kì í fò láti ojú dé ojú, kò ní ìyẹ́. Ọwọ́ ló ń gùn. Aṣọ ìnujú ló ń gùn. Igi tìróò ló ń gùn. Ó lè dúró síbẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, kó máa retí ojú tó kàn. Tó bá wọ ojú, á máa bí sí i níbẹ̀. Ojú á bínú, á pọ́n, á máa da omi láti fi lé e jáde. Ara fúnra rẹ̀ ló ń bá a jà, ara ló sì máa ń borí rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà tó bá tó ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó borí rẹ̀, ọwọ́ ti gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn.

Ó ń sọ̀rọ̀, èmi ò sí níbẹ̀ mọ́. Alajo ni mo wà. Mò ń rí ara mi tí mò ń jáde láti yàrá Àṣàkẹ́, tí mò ń fi igi kan ahọ́n. Ìyá mi. Bàbá mi. Àwọn ọmọ. Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì. Ọgbọ́n tiwa ti lé ìyàwó ènìyàn kúrò nílé.

Mo ju igi náà sínú iná. Lọ́sẹ̀ yẹn, mo pọn ìyá rẹ sẹ́yìn, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀fà.

Mo bá Àṣàkẹ́ lẹ́yìnkùlé ilé ọkọ rẹ̀ kejì, ó ń po ọṣẹ dúdú. Mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ti igi, mo sọ ti bíríkìlà, mo sọ pé mo ti fura nígbà náà, tí mo dákẹ́. Mo ní, “Àìsàn tí wọ́n fi lé yín lọ, èmi ni mo gbé e yí ilé ká.” Ó ń po ọṣẹ rẹ̀. Ó pò ó títí mo fi rò pé kò gbọ́.

Ó wá ní, “Ẹyinjú-ẹgẹ́, gbé orí sókè.”

Mi ò lè gbé e. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó gbé àgbọ̀n mi sókè, bí mo ṣe máa ń gbé tirẹ̀. Ó ní, “Ní gbogbo ọjọ́ tí mo fi kọjú sí ògiri nílé yín, ẹnikẹ́ni nínú yín ò wò mí. Ọkọ mi ò wò mí. Ìwọ nìkan lò ń wọlé láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, tí o ń wò mí lójú. Ọpẹ́lọpẹ́ rẹ ni mi ò fi ya wèrè. Ti igi tìróò, ọmọdé ni ọ́, àgbà ló rán ọ. Mo ti fi jì ọ́ kí o tó délẹ̀ yìí.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́. Ó ní kí n dúró, òun ò tíì sọ̀rọ̀ tán.

Ó ní, “Ọjọ́ tí mò ń lọ ló dùn mí. Mo wá ojú rẹ. Mi ò rí i.”

Kò bínú. Ó fi ewé di ọṣẹ fún mi pé kí n máa fi wẹ ọmọ, kí n sì máa fi fọ ọwọ́ mi kí n tó fọwọ́ kan ojú rẹ̀. Lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo ti kọ́ ọṣẹ pípò nígbà tó yá. Òun ni mo gbé padà wá sí Accra, òun ni mò ń tà títí dòní, èyí tí àwọn ará ibí fi orúkọ wa pè, alata samina, ọṣẹ Alata. Àṣàkẹ́ ti kú báyìí. Ọlọ́run kó dẹ ilẹ̀ fún un.

Ìgbà Kòrónà, ẹ rí i bí mo ṣe ń wọ ìbòmú, mi ò bá dókítà jiyàn. Ìyẹn, èémí ló ń gùn. Kọ́lẹ́rà, omi àti oúnjẹ ló ń gùn. Ibà, ẹ̀fọn. Àìsàn kọ̀ọ̀kan ló ní ọkọ̀ tó ń wọ̀. Ẹni tí kò bá mọ ọkọ̀ tí àìsàn wọ̀, ènìyàn ni yóò máa sá fún. Ẹ ò ní rédíò kan ládùúgbò mọ́, rédíò wà lápò kálukú yín, síbẹ̀ ẹ tún ń dijú fún ara yín…

Aṣọ ìnujú tìrẹ rèé, mo ti yà á sọ́tọ̀. Má fọwọ́ ra ojú. Pẹ́ńsù tí o fi ń ya ojú, jù ú nù. Bí ojú náà bá ń ṣú, tàbí tó bá kọjá ọ̀sẹ̀ kan, ilé ìwòsàn ni kí o gbà lọ, má kán ohunkóhun tí ará ọ́fíìsì bá fún ọ sí i. Ọṣẹ wà lẹ́bàá korobá yẹn. Fọ ọwọ́ rẹ, kí n bu oúnjẹ fún ọ.

Ó ku ohun kan. Yọ gíláàsì yẹn. Yọ ọ́, mo ní… Ó pupa lóòótọ́. Pẹ̀lẹ́. Gbé àgbọ̀n rẹ sókè fún mi. Má bẹ̀rù, màá fọ ọwọ́ mi lẹ́yìn náà, ọṣẹ ni mò ń tà. Ọwọ́ ṣe é fọ̀, Mojí. Ní gbogbo ọdún tí mo ti ń po ọṣẹ, mi ò tíì po èyí tó lè fọ àárọ̀ ọjọ́ tí Àṣàkẹ́ ń lọ kúrò lára mi. Wò mí.